Ohùn Tó Ń Pẹ́ Dé Etí

Ọjọ́ tí Olùkọ́, obìnrin tó ń kọ́ni lórin nílé ìwé àdúgbò wa, kọ́kọ́ wọ yàrá tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń gba orin sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi gbàgbé láti ní kó jókòó. Ó kàn ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé orí ìdúró ni mo máa wà ni?" ni Olùkọ́ bi í.

Èmi àbúrò ni mo fa àga fún un. Ìfẹ́ ti wọlé, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

Ìfẹ́ dùn, orin ni kò dùn. Bí Olùkọ́ bá ti de hẹ́dífóònù mọ́ etí, tó ń kọrin sí máìkì, ìlù á ti lọ, òun á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn.

"Olólùfẹ́ mi, o tún pẹ́," ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń wí. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀!

"Èmi tí mo ń dá orin fún odindi ilé ìwé?" Inú bí Olùkọ́, ó sunkún lọ sílé.

Ìyá rẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. "O ò tíì fẹ́ ọmọ mi, o ti ń bú u. Tó o bá wá fẹ́ ẹ tán ńkọ́? Má wá sílé wa mọ́."

Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo ní, "Ẹ de nǹkan yìí mọ́ etí, kẹ́yin náà kọrin ká gbọ́!"

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi burú jáì, ṣùgbọ́n ó kọrin. Lójijì, ó bọ́ hẹ́dífóònù: ohùn tiẹ̀ náà ń pẹ́ kó tó dé etí rẹ̀! Kọ̀ǹpútà ló ń kó ohùn jọ rẹpẹtẹ kó tó dá a padà sétí akọrin. Olùkọ́, ọmọlúàbí, ń dúró de ohùn ara rẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi dín èyí tí ẹ̀rọ ń kó jọ kù, ó pa gbogbo nǹkan mìíràn tó ṣí sórí rẹ̀, la bá kó gbogbo ẹ̀rọ náà lọ sílé Olùkọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀rọ mi ló pẹ́. Ọmọ yín ò ṣẹ̀."

"Gbé e wá," ni ìyá wí. "Etí ara mi ni mo máa fi gbọ́ ọ."

Ó de hẹ́dífóònù kan, Olùkọ́ de èkejì. Olùkọ́ kọrin, orin àti ìlù sì jọ ń rìn. Ìyá dijú, ó ń mi orí.

Ẹ̀gbọ́n mi rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Ó sún mọ́ Olùkọ́ níbi máìkì, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ayọ̀ mi, jọ̀ọ́, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ìyá lajú wàì. "Mo gbọ́ ọ o! Ketekete ni!" Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí lo ń wò mí sí? Dá a lóhùn."

"Màá fẹ́ ẹ," ni Olùkọ́ wí sínú máìkì.

Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì di hẹ́dífóònù etí rẹ̀ mú, ó ń sunkún ayọ̀. "Tún un sọ, ọmọ mi."