Iná Inú Fọ́tò

Òkú Malachy Crehan dojú bolẹ̀ lẹ́yìn káńtà ilé ọtí rẹ̀. Irin ni wọ́n fi fọ́ ọ ní ìpàkọ́. Ìgbà tó ṣubú, wọn ò dáwọ́ dúró, torí ìka tó fi bo orí ti rún wómúwómú. Iwájú ibi ìdáná ni wọ́n ti lù ú kí wọ́n tó wọ́ ọ síbẹ̀. Wọ́n ti nu ilẹ̀, àmọ́ igi ilẹ̀ ti mu ẹ̀jẹ̀.

Sájẹ́ǹtì Gráinne Tuohy bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan àbàwọ́n náà. Ó ti gbẹ. Eérú tẹ́ pẹrẹsẹ níbi ìdáná. Ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń koná fara ti ògiri, ó sì mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà tó máa yẹ òkú wò ṣì ń bọ̀ láti Dublin, olú ìlú Ireland.

Bríd Looney, tó ti ń ta ọtí níbẹ̀ láti ìgbà ọmọge, jókòó sórí àga. Òun ló fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn lọ́sàn-án tó bá òkú náà.

"Iná ti kú," ló ń wí. "Sájẹ́ǹtì, iná ti kú."

"Èèyàn ló kú, Bríd."

"Ṣé ẹ rò pé n ò mọ̀ ni? Bàbá bàbá Malachy ló dá iná yìí, kò sì kú rí. Alaalẹ́ ló ń kó eérú jọ bò ó, láàárọ̀ á fẹ́ ẹ jí. Nígbà tí mo kó wọlé mi, ṣọ́bìrì ẹyin iná kan ló gbé wá fún mi láti ibí."

Tuohy mọ àṣà náà, iná ilé àtijọ́ ni wọ́n fi ń dá ti ilé tuntun. Bí gbogbo abúlé Kilbrack ṣe ń ṣe nìyẹn.

"Irọ́ ló ń pa!"

Cathal Crehan, ọmọ ẹ̀gbọ́n olóògbé, ló wọlé. Ìlú Ennis ni wọ́n ti pè é. Ó na fóònù rẹ̀ sí Tuohy. Fọ́tò ilé ọtí yẹn ló wà lójú rẹ̀. Fidelma Roche, obìnrin kan tó ń rìnrìn àjò káàkiri ya fọ́tò àwọn ilé ọtí àtijọ́, ló yà á láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Káńtà ń dán bí oyin. Igun gbogbo ṣókùnkùn bíi fọ́tò ayé àtijọ́. Iná sì ń pọ́n yòò níbi ìdáná.

"Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un," Cathal wí. "Àbúrò bàbá mi ti wà lẹ́yìnkùlé nígbà yẹn, ó ń kó ohun ìdáná. Ojú mi báyìí ló ṣe fẹ́ná yẹn! Mo gbé obìnrin náà lọ sí Ennis, ibẹ̀ ni mo wà títí ẹ fi pè mí. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ kejì? Bríd. Ta ló pariwo lé e lórí lọ́jọ́ Sunday lójú gbogbo ayé? Bríd."

"Torí ó kọ̀ láti lọ rí dókítà ni! Ìwọ aláìlójútì yìí!"

Ọ̀gá Tuohy pè lórí fóònù. Kí wọ́n mú Bríd, ó parí. Inú Tuohy bàjẹ́. Bí iná bá ń jó láàárọ̀, Malachy ṣì wà láàyè nìyẹn, Bríd nìkan ló sì wọlé lẹ́yìn náà. Fọ́tò kan ṣoṣo yẹn ti fẹ́ gbé e sẹ́wọ̀n títí ayé rẹ̀.

Nínú mọ́tò, Bríd wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tuohy, Tuohy ò sì tíì yí kọ́kọ́rọ́.

"Níbo lo wà lálẹ́ àná?"

"Níbi àìsùn òkú Nóra Garvey. Èmi ni mo ń po tíì fún wọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ bi gbogbo abúlé."

"Malachy ńkọ́?"

"Ó wá, ó gbàdúrà, ó ní òun fẹ́ lọ bo iná òun."

"Cathal ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò débẹ̀."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Tuohy ránṣẹ́ pe Fidelma Roche. Obìnrin náà dé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lábíyá.

"Fọ́tò yín dára," Tuohy wí. "Pàápàá iná yẹn."

"Iná wo?"

Tuohy gbé orí sókè.

"Eérú ni mo bá níbẹ̀, Sájẹ́ǹtì. Òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Èmi ni mo kun iná yẹn sí i. Àwọn tó ń wo fọ́tò mi, ilé ọtí àtijọ́ tó móoru ni wọ́n ń fẹ́. Mo fi kọ̀ǹpútà sọ gbogbo àwọ̀ ẹ̀ di ti oyin, mo sọ igun ẹ̀ di dúdú, mo wá fi pupa díẹ̀ tanná síbi ìdáná."

"Ẹ jẹ́ kí n rí èyí tí ẹ ò tíì fọwọ́ kàn."

Fọ́tò náà tutù, kò ní ìmọ́lẹ̀ oyin kankan. Eérú tẹ́ pẹrẹsẹ. Iwájú rẹ̀, lórí igi ilẹ̀, àbàwọ́n kan wà. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, bí igi tó gbó ló rí. Níbí, pupa ni.

"Mo rò pé ọtí ló dà sílẹ̀," Fidelma wí. "Mo sọ ọ́ di búráùn kó lè bá igi mu." Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ọlọ́run mi. Ṣé ó wà lẹ́yìn káńtà nígbà tí mò ń rẹ́rìn-ín?"

"Ó wà níbẹ̀."

Wọ́n kó Cathal àti Bríd padà sí ilé ọtí. Ọlọ́pàá kan dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Cathal, o ní ojú ẹ ló ṣe fẹ́ná láàárọ̀?"

"Mo ti sọ ọ́!"

Tuohy gbé fọ́tò tútù náà síwájú rẹ̀.

"Fọ́tò lo rí, o ò rí iná. O rò pé Ọlọ́run ló fi kún un láti gbà ẹ́. Wo eérú yìí. Ẹni tó bá bo iná, eérú ẹ̀ á ga bí ebè. Malachy ò rí i bò, torí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti bò ó lálẹ́ àná, o gbá a ní irin látẹ̀yìn. O wọ́ ọ lọ sẹ́yìn káńtà, o nu ilẹ̀, o fọ irin. Láàárọ̀, ayafọ́tò yẹn kanlẹ̀kùn, ó ti rí mọ́tò ẹ níta, o sì gbọ́dọ̀ ṣí i."

Cathal fa ìgò kan yọ, ó fọ́ ọ mọ́ káńtà, ó fò mọ́ ọ̀fun Bríd. Ìgò ya Bríd léjìká. Tuohy gbé àpótí ìjókòó, ó fi gbá ọrùn ọwọ́ Cathal, egungun dún. Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà da orúnkún lé e lẹ́yìn.

"Èmi ni ẹ̀jẹ̀ ẹ̀!" Cathal ń ké, ẹnu rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. "Ó ní ẹni tó bá lè tọ́jú iná ló nilé. Ó ní Bríd lòun máa fún! Mo ní kó kọjú sí mi. Kò wò mí, eérú ẹ̀ ló ń wò. Mo gbá a. Kò tún wò mí. Mo tún gbá a."

Bríd di éjìká rẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀.

"Òru kan péré lo fi wà pẹ̀lú iná yẹn," ó ní. "O sì jẹ́ kó kú."

Lọ́jọ́ tí àwọn ọlọ́pàá dá ilé náà sílẹ̀, Tuohy wá ti ilẹ̀kùn. Bríd ló bá lójú ọ̀nà, ó fi ọwọ́ tí kò dùn ún gbé ṣọ́bìrì, èéfín ń rú lórí rẹ̀. Ilé rẹ̀ ló ti gbé e wá.

"Èyí tí Malachy fún mi ni," ó ní. "Ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn, ó ń tutù."

Tuohy ṣí i. Bríd kúnlẹ̀, ó da ẹyin iná sáàárín eérú, ó sì ń fẹ́ ẹ títí ó fi mú.