Àáró Géèmù

Inú ọkọ̀ dúdú kan tí wọ́n gbé sí ẹ̀yìn gáréèjì Mọ́níyà ni Kifayah ti rí Mahfuz, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin onígíláàsì kan. Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀, Mahfuz ń fetí sílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi bọ́ sílẹ̀, tó wo ọ̀tún wo òsì bí ẹni tó jí adìyẹ gbé, tó sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Kifayah, tó ń bọ̀ láti ilé ìwé, dúró sábẹ́ agboòrùn ẹni tó ń ta káàdì fóònù títí ọkọ̀ náà fi lọ. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Mahfuz tó máa ń ròyìn fún un bí òun bá sín, kí ló dé tí kò sọ pé òun mọ ẹni tó ní mọ́tò?

Kíláàsì kan náà ni àwọn méjèèjì wà ní ilé ìwé girama. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọgbà Eré. Ẹnikẹ́ni ló lè wọ ibẹ̀ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe géèmù, kí àwọn ẹlòmíràn sì máa fi ṣeré. Àáró ni Kifayah àti Mahfuz fi ń ṣe tiwọn. Ọ̀dọ̀ Lìádì, bàbá Kifayah, tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ní abúlé kan lẹ́yìn Mọ́níyà, ni wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n náà: lónìí, ká jọ ro oko tèmi, lọ́la, ká jọ ro tìrẹ. Ẹni tí wọ́n bá ro oko rẹ̀ ló ni ìkórè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba àáró tí kò san án padà, kò lójú tí yóò fi wo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ti Kifayah ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Alábàárù ni wọ́n pè é: èèyàn yóò ru apẹ̀rẹ̀ tòmátò gba àárín ọjà Ṣáṣá kọjá, láàárín ọmọlanke àti ọ̀kadà, kí tòmátò tó bàjẹ́. Mahfuz ló ya gbogbo àwòrán ibẹ̀, títí kan eṣinṣin. Àwọn ọmọdé káàkiri ń fi ṣeré. Nígbà tó kan Mahfuz, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Ẹyẹlé, géèmù ẹyẹ kan tó ń wá ọ̀nà ilé láàárín àṣá àti òjò. Láptọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n Mahfuz ni wọ́n ń lò. Inú àkáǹtì tí wọ́n fi orúkọ Kifayah ṣí ni géèmù méjèèjì sì wà, nítorí ibẹ̀ ni ayé ti mọ̀ wọ́n. Àwọn méjèèjì ló mọ páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀. Láti ìgbà ọyẹ́ ni Mahfuz ti ń ya Ẹyẹlé, ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin onígíláàsì náà dúró de Kifayah lẹ́nu géètì ilé ìwé.

"Kifayah, àbí? Olúyínká lorúkọ mi. Ilé iṣẹ́ wa ní Èkó ń ṣe géèmù. A ti rí Alábàárù. O gbìyànjú gan-an."

"Ẹ ṣé, sà. Ta ló júwe ilé ìwé mi fún yín?"

Ẹ̀rín ló fi fèsì. "A fẹ́ ra àkáǹtì rẹ. A ó fún ọ ní láptọ́ọ̀pù tuntun, a ó sì san owó ìdánwò wáéèkì rẹ. Páásíwọ̀ọ̀dù nìkan la fẹ́."

"Kí lẹ fẹ́ fi Alábàárù ṣe?"

"Ọ̀rọ̀ okòwò nìyẹn. Fi ìyẹn sílẹ̀ fún wa."

"Iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi í."

"Mahfuz?" Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún. "Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú páásíwọ̀ọ̀dù wá la máa bá lọ. Má sọ fún ẹnikẹ́ni títí a ó fi parí." Ó fún un ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó sì lọ.

Ẹni tó bá ní kí o má sọ fún ẹnikẹ́ni, òun gan-an ló yẹ kí o fura sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Kifayah ń fura sí, kò ráyè fura sí àlejò. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó bá Mahfuz nínú ọgbà ilé ìwé.

"Mahfuz, ibo lo yà sí lánàá?"

"Ibo ni mo yà sí? Ṣé o ti di ọlọ́pàá ni?"

"Ṣé kò sí nǹkan tó o fẹ́ sọ fún mi?"

Mahfuz wolẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ní nǹkan tó o fẹ́ sọ fún èmi?"

"Rárá."

"Ó dáa nígbà yẹn."

Inú bí Kifayah. Ó ní ọ̀rọ̀ ti hàn, ọmọ yìí fẹ́ dalẹ̀ òun. Ó rántí pé inú àkáǹtì yẹn kan náà ni Ẹyẹlé wà. Ṣùgbọ́n ó ní bí òun kò bá yára, Mahfuz yóò ṣáájú òun. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tẹ páásíwọ̀ọ̀dù ránṣẹ́ sí Olúyínká. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, láptọ́ọ̀pù tuntun ti dé nínú páálí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló gbé e pamọ́ sí.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Mahfuz sáré wọ agboolé wọn, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Bàbá Kifayah ń bó ẹ̀gẹ́ lójúde.

"Ẹ káàsán sà. Kifayah! Wọ́n ti jí àkáǹtì wa! Kò sí Alábàárù mọ́. Ẹyẹlé náà ti lọ, kò ku ìyẹ́ kan!"

Kifayah dìde.

"Má sunkún," ni Mahfuz wí, omi sì wà lójú òun fúnra rẹ̀. "Ọkùnrin kan wà, Bọ̀ọ̀dá Olúyínká, iṣẹ́ géèmù ló ń ṣe. Ó lè bá wa gbà á padà. Òun ló fẹ́ ra Alábàárù lọ́wọ́ mi. Mo ní oko ẹ ni, kó lọ bá ẹ. Ṣé kò tíì wá ni?"

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Oko ẹ ni. Ta ló ń bá olóko dá sí owó ìkórè rẹ̀? Mo rò pé bí mo bá dá sí i, wàá ní mo fẹ́ bá ẹ pín. Mo ń retí kí ìwọ fúnra ẹ sọ fún mi."

Kifayah bú sẹ́kún. Ó wọlé, ó gbé páálí jáde, ó sì sọ gbogbo ohun tó ṣe. Bàbá rẹ̀ ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ní kó pe ọkùnrin náà, kó sì jẹ́ kí gbogbo àwọn gbọ́.

"A ti pa Alábàárù rẹ́," ni Olúyínká wí láti inú fóònù. "Géèmù ọjà tiwa ń jáde lóṣù tó ń bọ̀, a ò fẹ́ kí òmíràn bá a du oníbàárà. Ìpinnu okòwò ni."

"Ẹyẹlé ńkọ́, sà? Ti ọ̀rẹ́ mi ni!"

"Gbogbo ohun tó wà nínú àkáǹtì la rà. Ìwọ lo tà á." Ó sì pa fóònù.

Lìádì wo ọmọ rẹ̀. "Nígbà tó o rí i nínú mọ́tò yẹn, ta lo bi léèrè?"

"Mi ò bi ẹnikẹ́ni, bàbá."

"Àlejò sọ tẹnu rẹ̀, o gbà. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dájọ́, àgbà òṣìkà. O ti gba àáró ọmọ ọlọ́mọ, o sì ta oko rẹ̀ mọ́ tìẹ. Lọ san án."

Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé, Kifayah gbé páálí náà lọ sílé Mahfuz. Mahfuz kò fọwọ́ kàn án. Láptọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣí, ó ń ṣí àkáǹtì tuntun lórúkọ ara rẹ̀. Kifayah fa àpótí kan, ó jókòó tì í, ó ní òun yóò bá a ṣe Ẹyẹlé láti ìbẹ̀rẹ̀, títí yóò fi parí. Mahfuz ní kò burú.

Nígbà tó kan páásíwọ̀ọ̀dù, ó dáwọ́ dúró. Kò bínú, kò pariwo. Ó kàn sọ pé, "Jọ̀ọ́, kọjú sí ògiri."

Kifayah kọjú sí ògiri. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ojú ń tì í gidigidi.

Òótọ́ ni pé ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lo oògùn láìbéèrè, àìsàn mìíràn ni yóò fi kó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ara bá fu yín sí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ bi í léèrè ní tààrà kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ àlejò gbọ́. Ká ní Kifayah sọ fún Mahfuz nínú ọgbà ilé ìwé pé, "Mo rí ẹ nínú mọ́tò," Ẹyẹlé ì bá ti délé.