Táyà Ẹ̀yìn Lápá Òsì

"Ṣé o gbọ́ ohùn yẹn?"

Mùtàlíbù dín eré ọkọ̀ kù. Ó pa rédíò, ó sì dẹ etí sílẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Òṣogbo sílẹ̀ ni, wọ́n dojú kọ ọ̀nà Iléṣà, ọkọ̀ ò sì tíì pọ̀ lójú títì láàárọ̀ Sátidé yẹn. Láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lápá ẹ̀yìn, nǹkan kan ń kùn, bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n tan ní ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Dádì," ni Kifayat dáhùn.

Ó gbọ́ ọ. Ó tún mọ ibi tó ti wá.

"Bóyá etí mi ni," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ó ti rẹ etí náà."

Kò sí ohun tí kò rẹ Mùtàlíbù lásìkò yẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ní Àbẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà. Láti Mọ́ńdè di Fúráìdè, ìdí fáìlì ló ń wà. Bó bá di Sátidé, ó di ọ̀nà Iléṣà, nítorí ìyá rẹ̀.

Àpìkẹ́ ni ìyá náà ń jẹ́. Ìjẹ̀ṣà ni. Òṣogbo ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló ti bímọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó padà sí ìdí kòkó bàbá rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Iwaraja, ó sì kọ́ ilé oníyàrá méjì síbẹ̀. Àtọ̀gbẹ wá bá a níbẹ̀. Ọgbẹ́ kan yọ sí i lẹ́sẹ̀, kò jiná. Ilé ìwòsàn kan ní Iléṣà ló ń bá a wẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé bí wọ́n bá fi ọgbẹ́ yẹn jáfara, ẹsẹ̀ lè lọ sí i.

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Òṣogbo. Ó kọ̀.

"Mi ò ní kúrò ní ulé mi," ló wí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ń pe ilé. "Ẹ bá mi wá ọkọ̀. Ẹ má bá mi wá ulé."

Mùtàlíbù wá ọkọ̀. Jíìpù kékeré ni, tòkunbọ̀, irú èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Òkè tó lọ sí abúlé náà, amọ̀ pupa ni. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹsẹ̀ òkè ni gbogbo takisí ń já èèyàn sí. Ọlọ́kadà lè gbìyànjú, ṣùgbọ́n ta ló máa gbé ìyá arúgbó ẹlẹ́sẹ̀ ọgbẹ́ lé ọ̀kadà? Jíìpù yìí nìkan ló ń gùn ún. Mùtàlíbù sì ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀: níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ yìí bá ń gun òkè yẹn, kò sẹ́ni tó máa yọ wọ́n nínú ilé wọn.

Ọkọ̀ náà kò rọrùn láti tọ́jú. Ó ń mu epo. Bí táyà kan bá jẹ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Mùtàlíbù ń pààrọ̀ papọ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì tó máa ń gbé lọ sí Àbẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

"Alága, táyà kan jẹ, ẹ ra mẹ́rin," ni Ògúnṣẹ̀yẹ wí lọ́jọ́ kan láti ìjókòó ẹ̀yìn. "Bí ẹnì kan bá kú nínú ilé yín, ṣé gbogbo ará ilé lẹ máa ń sin ni?"

"Ọkọ̀ tìrẹ, ẹsẹ̀ méjì ló ń fà, méjì kàn ń tẹ̀lé e kiri," ni Mùtàlíbù dá a lóhùn. "Tèmi, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Bí ọ̀kan bá ga ju àwọn yòókù, wọn ò ní fà pọ̀ mọ́. Wọ́n á máa fa ara wọn ya."

Kifayat ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi há a lórí. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà, òun ló sì gba ìwé ìwakọ̀ fún un nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Kò sí àìmọ̀ nínú ohun tó ṣe.

Ṣáájú Sátidé yẹn, ní ọ̀sẹ̀ tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ parí ìdánwò àṣejáde, ló ṣẹlẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún un pé kó gbé ọkọ̀ lọ fọ̀. Bushrah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti àwọn ọmọbìnrin méjì mìíràn dé.

"Kifa, gbé jíìpù yẹn jáde, jẹ́ ká lọ ya fọ́tò lápá Igbó Ọ̀ṣun."

"Dádì ní kí n gbé e lọ fọ̀ ni."

"Ẹ̀n, a ó fọ̀ ọ́. Ṣé wọ́n ní kò gbọdọ̀ rìn kó tó dé ibi ìfọ̀ ni? Àbí ìyá àgbà nìkan ni ìjókòó ẹ̀yìn yẹn mọ̀?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Kifayat náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ni wọ́n fi mú un, kì í ṣe agbára.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Bushrah na fóònù sí i pé kó wo bí òun ṣe rí nínú fọ́tò kan. Kifayat wò ó. Táyà ẹ̀yìn lápá òsì gba etí gọ́tà tó ti fọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ya.

Wọ́n rọra wà á dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó wò ó, ó mi orí.

"Ẹ̀gbẹ́ ló ya. Kò ṣe é lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní tòkunbọ̀ kan níbí. Ríìmù mẹ́rìndínlógún ni tiyín, mẹ́rìndínlógún lèyí náà."

Ó dè é mọ́ ọn, ó fẹ́ ẹ. Kifayat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ihò àárín dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara táyà yìí sanra jù. Ó ga ju àwọn yòókù lọ díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ga jù?"

"Takisí ń lò ó. Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan."

"Ta ló máa wá wọ̀n ọ́n?" ni Bushrah dá sí i. "Ó yá, jẹ́ ká máa lọ."

Sípíà, ìyẹn táyà àfipamọ́, wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó bá àwọn tó wà nílẹ̀ dọ́gba. Ṣùgbọ́n bó bá kúrò níbẹ̀, afọ́jú nìkan ni kò ní rí i. Kifayat fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Wọ́n lọ fọ ọkọ̀ náà bí bàbá rẹ̀ ti wí. Nígbà tó délé, ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà ti tún ta sí àwọn táyà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa sí i mọ́ tòkunbọ̀ náà lára, kó má bàa yàtọ̀.

Ó ní òun á sọ fún bàbá òun bó bá dé. Bàbá rẹ̀ dé, ó sùn lọ lórí àga kí oúnjẹ tó dé iwájú rẹ̀. Ó ní ó di ọ̀la. Ọ̀la wá di ọ̀la mìíràn.

Ìkùn tí wọ́n gbọ́ ní ọ̀nà Iléṣà kò dákẹ́. Ọkọ̀ náà gun òkè lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó ń rùn bí aṣọ tó jó. Ní Mọ́ńdè, Mùtàlíbù gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀, Béjidé. Béjidé wà á yí àdúgbò ká, ó ní bíárìn ẹ̀yìn, irin tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi ń yí, ló ń ké. Kò wo táyà. Kí ló fẹ́ wò lára táyà Mùtàlíbù, ẹni tí gbogbo Àbẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé mẹ́rin-mẹ́rin ló ń rà á?

Bíárìn tí wọ́n nílò kò sí ní Òṣogbo. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Èyí tó kọ́kọ́ dé kò bá a mu. Sátidé méjì kọjá, ọkọ̀ wà lórí òkúta ní ọgbà Béjidé. Òjò ọ̀hún kò dá. Mùtàlíbù wá takisí, takisí kọ òkè. Ìyá rẹ̀ kò dé ilé ìwòsàn. Sànúsí, aládùúgbò rẹ̀, ló ń fi omi gbígbóná wẹ ọgbẹ́ náà bó ti mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Sátidé kejì, Mùtàlíbù pe ìyá rẹ̀, gbogbo ilé sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù.

"Ìyá mi, ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ńbẹ. Òórùn rẹ̀ ni ò jẹ́ kí n sùn."

Kifayat ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Ó tẹjú mọ́ áyọ̀ọ̀nù. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó tún gbé e mì.

Ní Sátidé kẹta, wọ́n gba ọkọ̀.

"Ó ṣì ń kùn díẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ni Béjidé wí, "ṣùgbọ́n ó máa gbé yín."

Ó gbé wọn dé ẹsẹ̀ òkè. Ó gbé wọn dé ìdajì rẹ̀. Lẹ́yìn náà òórùn jíjó gba inú ọkọ̀, irin kan sì kán gbà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ iwájú ń yí, ó ń ta ẹrẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò mì. Ọkọ̀ náà rọra yọ̀ padà sẹ́yìn títí ó fi fara ti ebè ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Mùtàlíbù pa á. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò, ó sì pe Béjidé.

"Béjidé, o ti pa mí. Bíárìn wo lo fi sí i? Ìyá mi ń jẹrà lókè níbí. Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ọmọ mélòó lo ti fi irú iṣẹ́ báyìí sọ di aláìníyàá?"

Kifayat ń gbọ́ ohùn Béjidé nínú fóònù, tó ń bẹ̀bẹ̀, tó ń fi irin búra pé òun kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ náà. Ọkùnrin tó ti ń tún ọkọ̀ wọn ṣe kí wọ́n tó ra jíìpù. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Dádì. Kì í ṣe Béjidé."

Bàbá rẹ̀ wò ó.

"Táyà yẹn ni. Ó bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí mo gbé Bushrah àti àwọn yòókù jáde. Tòkunbọ̀ ni mo fi rọ́pò rẹ̀."

Mùtàlíbù kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹ̀gbẹ́ táyà náà, ó ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Ó lọ sí òdìkejì, ó nu ìyẹn náà, ó kà á: nọ́ńbà méjèèjì kò dọ́gba. Ó gbé fóònù padà sétí.

"Béjidé, má bínú. Ilé mi ni nǹkan náà ti wá."

Kò bá Kifayat jà. Ó ní, "Bọ́ bàtà rẹ. Ẹsẹ̀ la máa fi gùn ún."

Àga onígi ni wọ́n fi gbé ìyá arúgbó náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Mùtàlíbù mú ẹsẹ̀ àga kan, Sànúsí mú ọ̀kan, ọmọ Sànúsí mú ọ̀kan, Kifayat mú ìkẹrin. Ilẹ̀ ń yọ̀. Òórùn ẹsẹ̀ náà wà nítòsí imú rẹ̀, kò sì lè yí ojú.

"Kí ló ṣe ọkọ̀?" ni ìyá náà bi wọ́n.

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i.

"Èmi ni mo bà á jẹ́, Ìyá Àgbà," ni Kifayat wí.

"Bẹ́ẹ̀." Ìyá náà gbá apá àga mú. "Di àga mú dáadáa ṣá."

Takisí ló gbé wọn dé Iléṣà. Dókítà tú ẹsẹ̀ náà, ó tún un dì, ó sì pe Mùtàlíbù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìka méjì máa lọ. "Ká ní ẹ gbé wọn wá lọ́sẹ̀ tó kọjá ni," ló wí, kò sì parí rẹ̀.

Ní ìta, bàbá àti ọmọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Táyà bẹ́," ni Mùtàlíbù wí. "Táyà kò níye lórí bẹ́ẹ̀. Ta ni táyà kò bẹ́ fún rí? Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, mà á pariwo. Mà á sùn. Ilẹ̀ á mọ́, a ó yọ ọ́." Ó fọwọ́ nu ojú. "Mo tún bi ọ́ léèrè. Mo wá ń rò pé etí mi ló ti bàjẹ́."

Kifayat ní kó má bínú. Bàbá rẹ̀ ní òun gbọ́.

Gíà tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti lọ̀ tán. Béjidé wá òmíràn títí, kò rí. Níkẹyìn, ó yọ ọ̀pá irin tó ń gbé agbára lọ sí ẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ iwájú rìn. Ọkọ̀ náà ń lọ sí Àbẹ̀rẹ̀. Epo tó ń mu dín kù.

"Ó kúkú wá sàn báyìí, Alága," ni Ògúnṣẹ̀yẹ wí.

"Ó sàn fún Àbẹ̀rẹ̀," ni Mùtàlíbù dáhùn.

Kò gun òkè mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ilé ìwòsàn dá ìyá arúgbó náà sílẹ̀, Òṣogbo ni wọ́n gbé e wá. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kàn ní kí wọ́n sọ fún Sànúsí kó máa jẹ kòkó tó bá já, kó má jẹ̀ẹ́ kí ewúrẹ́ wọ ulé òun. Kifayat kó ẹrù tirẹ̀ kúrò nínú yàrá rẹ̀, ó fi yàrá náà sílẹ̀ fún un.

Òun náà ló ń wẹ ọgbẹ́ náà báyìí. Ó kọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Láàárọ̀, kó tó ṣe ohunkóhun, ó ti gbé omi àti òwú wá, ìyá náà á na ẹsẹ̀ sí i, á máa wo ògiri.

"Ọwọ́ rẹ yá," ló sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Ẹnu rẹ ni kò yá."

Kifayat ń wẹ ọgbẹ́ náà lọ. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Kì í ṣe táyà tó bẹ́ ló lé ìyá arúgbó kúrò nílé rẹ̀, kò sì sí ọmọ tí kì í ṣe àṣìṣe. Dídákẹ́ ló lé e. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, bí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ tètè sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín. Yóò bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú.