Ta Ló Ní Kí Delmar Kọ Bẹ́ẹ̀ni?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Verna Kettering ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tó rí i pé aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tún ti pọ́n, bí ẹni pé tíì ló fi fọ̀ ọ́. Kò yà á lẹ́nu. Páìpù omi ìlú Tule Bend dàgbà ju Verna lọ, Verna fúnra rẹ̀ sì ti lé lọ́gọ́ta ọdún.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, ọkọ rẹ̀, Delmar, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kun pátákó. Mẹ́rìnlélógún ló ti kùn láti àárọ̀. Ara ọ̀kọ̀ọ̀kan ló fi ọ̀dà búlúù kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: BẸ́Ẹ̀NI FÚN DELMAR.

Ohun tó bí pátákó nìyí. Delmar wà lára àwọn márùn-ún tó ń ṣe ìgbìmọ̀ omi ìlú. Lóṣù kẹta, òun ló sọ̀rọ̀ títí tí àwọn mẹ́ta fi borí àwọn méjì, tí wọ́n sì gbà pé kí wọ́n hú páìpù ògbólógbòó yẹn, kí wọ́n ri tuntun. Àmọ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bomi rin koríko iwájú ilé rẹ̀. Bí Delmar bá sì kúrò níbẹ̀ báyìí, iṣẹ́ páìpù ti kú nìyẹn, Verna yóò máa fọ aṣọ pupa títí ayé.

Rollie Hargett ló kọ́kọ́ fárígá. Koríko iwájú ilé Rollie ni gbogbo ayé ẹ̀, ó máa ń fi sísọ́ọ̀sì gé etí ẹ̀ bí ẹni ń gé irun ọmọ. Nígbà tí koríko náà gbẹ, Rollie gbé tábìlì síwájú ilé ìtajà ìlú, ó ń bu omi ọsàn wẹ́wẹ́ tútù fún àwọn èèyàn, ó sì ń ní kí wọ́n fọwọ́ síwèé tó fẹ́ yọ Delmar nípò. Oòrùn mú, omi ọsàn dùn, iye ọwọ́ tí òfin fẹ́ pé. Àwọn elétò ìbò yẹ ìwé náà wò, wọ́n ní ó tọ̀nà. Bí ìbò ìyọnípò ṣe dé bá Delmar nìyẹn: ará ìlú ni yóò sọ bóyá kó máa jókòó lọ tàbí kó dìde.

Bí Delmar ṣe ń kun èyí tó ṣìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Rollie fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ kọjá. Ó dúró, ó yọ orí síta.

"Delmar, pátákó yìí mà dáa o. Ta ló bá ẹ kọ ọ́?"

"Èmi ni mo kọ ọ́. Ṣé ó ń dùn ẹ́ ni?"

"Kí ló máa dùn mí níbẹ̀? Ìbò ni, kì í ṣe ìjà. Mo ní igi nílé tó o lè fi rì wọ́n mọ́lẹ̀. Kí n gbé mẹ́wàá wá?"

"Mẹ́wàá kẹ̀? Rollie, inú ẹ mà dáa."

"Kódà, fún mi ní pátákó méjì. Màá bá ẹ rì wọ́n síwájú ilé mi."

Ó gbé pátákó méjì sẹ́yìn ọkọ̀, ó juwọ́, ó lọ. Delmar nu ojú. "O rí i, Verna? Ọkùnrin yẹn ti ronú pìwà dà."

Láti ogójì ọdún tí Verna ti mọ Rollie, kò rí i kó fi ìṣó kan ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ rí. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ kalẹ̀, ó gba ìsàlẹ̀ òpópónà lọ sílé Opal Fenske.

Opal ti ṣe akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ ìlú fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ìbò ló ń ṣọ́. Ara ògiri kíṣìnnì ẹ̀ kún fún kàlẹ́ńdà: ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ àwọn èèyàn sínú ìwé, ọjọ́ tí ìwé ìdìbò yóò délé, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, tìlú tìpínlẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló fi gègé pupa yí po. Àwọn ọmọ ìta ń pè é ní Ìyá Alákọsílẹ̀, ó sì mọ̀.

"Mísì Opal, ẹ jọ̀ọ́, kí ló lè mú inú Rollie Hargett dùn?"

"Kí koríko ẹ̀ hù."

"Ó fẹ́ ri pátákó Delmar síwájú ilé ẹ̀."

"Kí ni wọ́n kọ sára pátákó?"

"Bẹ́ẹ̀ni fún Delmar."

Opal gbé ife kọfí ẹ̀ kalẹ̀. "Verna, ṣé ẹ ti ka ìwé ìdìbò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé yín?"

"Delmar ti dìbò sí tiẹ̀. Èmi ò tíì ṣí tèmi. Ìwé yẹn gùn ju Májẹ̀mú Láéláé lọ."

Opal fa tiẹ̀ yọ lábẹ́ àwo ṣúgà. Ó wọ awò ojú. "Màá kà á, kó o dá mi lóhùn. 'Ṣé kí a yọ Delmar Kettering kúrò nínú ìgbìmọ̀ omi?'"

"Rárá o."

"Rárá ni ìwọ sọ. Kí ni ọkọ ẹ ń sọ kiri ìlú?"

Verna bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó tún rántí aṣọ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ẹ̀rín náà sì gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Wọn ò tíì pàdé Delmar ni.

"Gbọ́, ọmọ mi," ni Opal wí. "Bẹ́ẹ̀ni kì í ṣe orúkọ ohun rere, Bẹ́ẹ̀kọ́ kì í sì í ṣe orúkọ ohun búburú. Ìbéèrè ló ni wọ́n. Wo ti ìpínlẹ̀ lójú ewé kejì yìí. Àwọn tó fẹ́ pa òfin kan rẹ́ ló kó ọwọ́ jọ, àmọ́ ohun tí wọ́n ń bi wá ni pé ṣé kí òfin náà dúró. Níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó kú, ojú Bẹ́ẹ̀kọ́ ni yóò fi gègé kùn. Lójú ewé kẹta, ó tún yí padà. Ìdí tí mo fi ń kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, kì í ṣe pé orí mi dàrú. Ìwé tí Delmar dì ńkọ́? Ṣé ó ti fi ránṣẹ́?"

"Ó ti lẹ̀ ẹ́. Ó wà nínú ọkọ̀. Ó ní ọjọ́ Mọ́ńdé lòun máa fi ránṣẹ́."

"Ẹ dúpẹ́. Bó bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìbò. Wọ́n á fagi lé e, wọ́n á fún un ní tuntun, kò sí ìjà níbẹ̀. Àmọ́ èyí tó bá ti bọ́ sínú àpótí, ẹyin tó já bọ́ ni. Kò ṣeé ṣà jọ mọ́."

Ẹ̀yin náà mọ ọkùnrin. Nígbà tí Verna sọ ọ́ fún Delmar, ó fa ara ẹ̀ ró.

"Èmi? Kí n kọ Bẹ́ẹ̀kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ara mi? Ṣé Bẹ́ẹ̀kọ́ ni bàbá mi bí ni?"

"Kà á sókè," ni Verna wí, ó na ìwé ìdìbò tiẹ̀ sí i.

Delmar kà á. Ó yọ awò ojú, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ó tún un kà. Ó wo pátákó mẹ́tàlélógún tó ṣẹ́kù.

"Igi mẹ́wàá ni Rollie fẹ́ fún mi," ló wí jẹ́ẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ni."

"Verna, jọ̀ọ́, má sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí mi létí mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún pátákó kùn. Ọ̀dà búlúù ti tán, àfi pupa. Delmar pa Bẹ́ẹ̀ni rẹ́, ó kọ Bẹ́ẹ̀kọ́ sí ipò ẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìn, ó wò ó: BẸ́Ẹ̀KỌ́ FÚN DELMAR.

"Ọ̀tá ẹ ló máa ń kọ irú èyí," ni Verna wí.

Opal ni wọ́n tún lọ bá. Ó ní kí wọ́n yé dárà, kí wọ́n sọ ọ́ bó ṣe rí: Ẹ MÁ YỌ DELMAR. Ẹ KUN BẸ́Ẹ̀KỌ́. Nígbà tí wọ́n ní kí Rollie dá méjì tó gbé lọ padà, ó ní atẹ́gùn ti gbé wọn lọ. Atẹ́gùn ò fẹ́ rárá lọ́sẹ̀ yẹn.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdé, Verna bá Delmar lọ sí ọ́fíìsì ìbò, Delmar sì gbé àpòòwé ẹ̀ ka iwájú ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ó sọnù ni àbí ó bàjẹ́?"

"Mo dìbò láti yọ ara mi nípò," ni Delmar wí.

"Ẹ ò ní láti sọ bẹ́ ẹ ṣe dì í, sà. Àṣírí yín ni. Màá kọ ọ́ pé ó bàjẹ́." Ó tẹrí ba, ó ń kọ̀wé, àmọ́ èjìká ẹ̀ ń mì. "Kì í sì í ṣe ẹ̀yin àkọ́kọ́."

Verna mọ̀ pé irọ́ ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, Verna gbé fóònù, ó ń pe gbogbo àwọn tó ti búra pé Bẹ́ẹ̀ni làwọn máa kùn nítorí ìfẹ́ Delmar. Mẹ́sàn-án ló rí mú kí wọ́n tó lẹ ìwé wọn. Ẹni kẹwàá ni Àǹtí Birdie, àbúrò bàbá Delmar, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.

"Mo ti fi tèmi ránṣẹ́ láti Fúráìdé," ni Àǹtí Birdie wí. "Mo kun Bẹ́ẹ̀ni yẹn títí ó fi dúdú kirikiri. Mo sì gbàdúrà lé e lórí. Sọ fún ọmọ mi kó fọkàn balẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Àǹtí. Màá sọ fún un."

Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, igba ó lé mọ́kànlá ní Bẹ́ẹ̀kọ́, igba ó lé méje ní Bẹ́ẹ̀ni. Ìbò mẹ́rin péré ló gba Delmar là. Bí àwọn mẹ́sàn-án yẹn bá fi ìfẹ́ dì í, ilé ni yóò wà lónìí. Wọ́n ti ri páìpù tuntun báyìí, aṣọ Verna ti funfun, koríko Rollie náà sì ti hù padà, Rollie kàn ń ṣe bí ẹni pé kò hù ni.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdé tó tẹ̀ lé ìbò, Àǹtí Birdie di Delmar lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ẹ̀ ń dán.

"Ọmọ mi, o rí i? Ṣebí Bẹ́ẹ̀ni tèmi ló gbà ẹ́ là?"

Delmar wo Verna. Verna ń wo bàtà ara ẹ̀. Delmar gbá ìyá náà mọ́ra.

"Bẹ́ẹ̀ni, Àǹtí," ló wí.

Ẹ̀yin èèyàn wa, a ò sọ ìtàn yìí kí ẹ lè fi Delmar ṣe yẹ̀yẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá fọwọ́ síwèé, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó mu omi ọsàn. Bí ìwé ìdìbò bá délé, ẹ má wo orúkọ nìkan, ìbéèrè ni kẹ́ ẹ kà, títí dé òpin, kẹ́ ẹ bi ara yín pé: kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí Bẹ́ẹ̀ni bá borí? Ẹ máa kọ ọjọ́ ìbò ìlú yín sílẹ̀, kékeré àti ńlá, torí ìbò kékeré ni wọ́n fi ń yọni nígbà téèyàn ò fura. Bí ohun kan bá rú yín lójú, ọ́fíìsì ìbò ni kẹ́ ẹ bi, ẹ má bi ẹni tó ń bá yín gbé igi. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, tí ìwé ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ tètè gbé e lọ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, kí ojú má tì yín. Delmar rí ọjọ́ Mọ́ńdé tó fi tún tiẹ̀ ṣe. Àǹtí Birdie, tó nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, kò rí i.