Àwọn Ṣọ́jà Inú Ẹ̀jẹ̀ Olúrántí

"Rántí, jókòó! O ti fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbẹ́ kànga sí ṣọ́ọ̀bù mi!"

Mummy ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, níbi tó ti ń di irun oníbàárà ní Ìkòsí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni eré ìje ilé-ìwé wọn. Olúrántí, tó máa ń sáré débi pé òjìji rẹ̀ kì í bá a, ni wọ́n ní kó má sáré mọ́.

Dókítà Ọládiméjì ti ṣàlàyé fún un. "Àwọn ṣọ́jà kéékèèké wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń bá àìsàn jà. Àwọn kan nínú tìrẹ ti ṣìnà, iṣan ọkàn rẹ ni wọ́n ń bá jà. Máa lo oògùn yìí, má sì sáré."

Bí Mummy ṣe jáde lọ ra irun ní Kétu ni Keziah ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ́ wọlé, ìgò kan lábẹ́ apá.

"Ṣọ́jà, àbí? Bọ́ wọn yó jàre! Ọkùnrin tó ń ta èyí ní Mile 12 ní ó ń fún ṣọ́jà ara lágbára, ó lè jí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti kú!"

"Oògùn dókítà ńkọ́?"

"Èyí tó ń mú ẹ sùn bí ológbò? Máa lò ó lọ, kí Tiwa tó ń sáré tẹ̀lé ẹ ní kíláàsì gba ipò ẹ."

Orúkọ Tiwa yẹn ló bà á jẹ́. Láti ọjọ́ náà, inú gọ́tà ni oògùn dókítà ń lọ láràárọ̀. Ohun inú ìgò ni Rántí ń gbé mì, ó korò débi pé eyín rẹ̀ fẹ́ kó jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ní bàtà ló súnkì. Èémí rẹ̀ ń já, ó ní ooru ni.

Lọ́jọ́ ìje, ó yọ́ lọ sáré láìjẹ́ kí Mummy mọ̀. Kò sáré dé ìdajì pápá tó fi ṣubú lulẹ̀ gbì!

Ní ọsibítù, nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì jẹ́wọ́ ohun gbogbo, Dókítà gbá orí mú. "Rántí! Àwọn ṣọ́jà tó ń jẹ ọkàn rẹ lo fẹ́ kó ìbọn fún? N kò mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé o da oògùn nù, o sì sáré. Ọkàn rẹ ti fẹ̀ sí i."

Keziah bú sẹ́kún. "Èmi ni mo pa á o!"

"Kò tíì kú!" Mummy jágbe, omi ń dà lójú òun náà. "Ẹ jẹ́ kó sàn ná, màá pa ẹ̀yin méjèèjì!"

"Dókítà, ṣé mo ṣì máa sáré?"

"N kò lè ṣèlérí."

Rántí yíjú sí ògiri. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé oògùn dé, ó na ọwọ́ gbà á, ó gbé e mì.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ọ̀rẹ́ lè fẹ́ràn yín dénú, kí ìmọ̀ràn rẹ̀ sì gbé yín dórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má fi oògùn sílẹ̀ láìbi ẹni tó yẹ̀ yín wò.