Ọwọ́ Ta Ló Wà Lára Ìyá Bímpé?

Ìyá Bímpé jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ní Ìpáò láàárọ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wú láti èjìká dé ọmọ ìka. Àbúrò rẹ̀, Àdùkẹ́, gbé ọwọ́ náà sókè, ó rí ojú ìka èèyàn lára rẹ̀, ó jin wọnú kedere.

"Bàbá Bímpé tún wá," Ìyá Bímpé sọ jẹ́jẹ́. "Ó ń fà mí lọ́wọ́ kí n máa bọ̀."

Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ìyá Bímpé nìkan ló ń sùn nínú yàrá rẹ̀, ó sì máa ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ni ò ní bẹ̀rù?

"Mo ti ránṣẹ́ pe Ẹlúyẹmí oníṣègùn kó wá sín gbẹ́rẹ́ sí i," Àdùkẹ́ wí. "Tí ẹ̀jẹ̀ dúdú bá jáde, Bàbá Bímpé á fi yín sílẹ̀ ní ulé yìí."

Ẹlúyẹmí ti yọ abẹ nígbà tí Ọpẹ́yẹmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ṣe iṣẹ́ fisió, ìyẹn fífi ọwọ́ tọ́jú ara, nílé ìwòsàn, wọlé láti Ìdó. Ó fi ìka tẹ ọwọ́ náà. Ó yọ ìka, ojú ibẹ̀ jin sílẹ̀, kò padà sípò.

"Ẹ gbé abẹ yẹn kúrò. Màmá, ẹ fi ọwọ́ òsì yín lé ojú ìka yìí."

Ìyá Bímpé gbé e lé e. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Ẹ̀yin lẹ ń dì í mú lójú oorun, torí ó ń dùn yín. Omi kan ń ṣàn lábẹ́ awọ wa, kókó abíyá ló ń gbà kọjá. Àwọn dókítà yọ kókó yín nígbà iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú tí ẹ ṣe, omi ò rọ́nà lọ mọ́. Gbẹ́rẹ́ lè jẹ́ kí ọwọ́ náà kẹ̀, ó sì lè pa yín."

Ìyá Bímpé sunkún. Ẹ̀rù ọkọ rẹ̀ ń bà á lóòótọ́, àmọ́ ó tún ń retí rẹ̀.

Nígbà tí Ọpẹ́yẹmí rí i pé ọwọ́ náà ò pọ́n, kò sì gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ láti ọrùn. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ na awọ díẹ̀, ó ń fi í sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń darí omi láti apá lọ sí èjìká.

"O ò tẹ̀ ẹ́ rárá," Àdùkẹ́ wí. "Àbí ebi ń pa ọ́ ni?"

"A kì í fi agbára sí i, Àǹtí. Omi náà ò jìnnà sí awọ."

Ọpẹ́yẹmí kọ́ Ìyá Bímpé, ó sì ti mọ̀ ọ́n ṣe fúnra rẹ̀ báyìí. Ọwọ́ náà lè má padà bí ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ti fúyẹ́, ó ti ń wọ apá búláòsì.

Ẹ̀yin ará wa, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá wú, ẹ má sín in, ẹ má fi omi gbígbóná jó o. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó wọ́ ọ, torí tí ibẹ̀ bá pọ́n, tí ara ń gbóná, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú rẹ̀, wíwọ́ ò yẹ ẹ́. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rù náà gbé yín dé ilé ìwòsàn.