Mọ́tò Tó Dákẹ́ Kò Sùn

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mọ́tò kékeré kan wà nínú àgbàlá, ó kọjú sí géètì, ó funfun bí ẹyin, wáyà gbọọrọ so ó mọ́ ògiri bí ẹni so ewúrẹ́. Mọ́tò oníná ni. Kì í mu epo, kì í rú èéfín. Ọmọbìnrin ilé náà, nọ́ọ̀sì, ló rà á.

Bàbá rẹ̀ káwọ́ sẹ́yìn, ó ń yí mọ́tò náà po. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni bàbá yìí fi wa ọkọ̀ akẹ́rù kó tó fẹ̀yìn tì. Elétí-Ehoro ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Bí ẹ́ńjìnnì bá wúkọ́ ní ìpẹ̀kun àdúgbò, orí bẹ́ẹ̀dì ni yóò ti sọ àìsàn tó ń ṣe é.

"Èyí náà ni ẹ ń pè ní mọ́tò? Kinní tí mo lè tì bọ àpò!"

Nọ́ọ̀sì ti yọ wáyà lára mọ́tò, ó ń ká a. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí n gbé wáyà yìí wọlé. Bí mo bá dé, màá kọ́ yín."

"Ta ni yóò kọ́ ta? Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó sá!"

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, fi tépù kọ́rùn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí géètì tán ni. "Bàbá ọmọ mi, wọ́n ní kí ẹ dúró."

"Mo ti dúró. Ìjókòó nìkan ló kù."

Ló bá jókòó. Ó tẹ bíréèkì, ó tẹ bọ́tìnnì tó ti rí tí ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀. Iná kékeré kan tàn níwájú rẹ̀, àwọ̀ ewé. Bàbá kò wo iná. Etí ló dẹ. Kẹ́kẹ́ pa.

"Ó ti kú! Wọ́n ti lu ọmọ mi ní jìbìtì!"

Ó yí jíà sí lẹ́tà D, ti ìrìn síwájú, bóyá yóò jí. Kò dún.

Àwọn awakọ̀ akẹ́rù ìgbà tiwọn ní àṣà kan. Bí wọ́n bá ti ṣáná sí ọkọ̀ láàárọ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ iná, èyí tí ọkọ̀ fi ń sáré, lẹ́ẹ̀mejì, gbùúù! gbùúù! Kíkí ni wọ́n ń kí ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tí kò bá jẹ́ni, kò tíì jí nìyẹn.

Elétí-Ehoro múra láti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ó fẹ́ kí mọ́tò.

Àkókò yẹn gan-an ni Alága ń bọ̀ lọ́nà ìsọ̀. Àga ló ń hun, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran, ṣùgbọ́n kò sí mọ́tò ládùúgbò tí kò mọ ohùn rẹ̀. Ó gbé ìdì pàǹkẹ́rẹ́ léjìká. Ó dé iwájú géètì, ó dúró, ó dẹ etí. Kò gbọ́ mọ́tò kankan. Ó gbé ẹsẹ̀.

Bàbá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ó tẹ iná.

Mọ́tò fò síwájú bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n da omi gbígbóná sí lẹ́yìn!

"Yéè! Bíréèkì! Bíréèkì o!" ni aránṣọ ké.

Bàbá fi gbogbo ara tẹ bíréèkì. Mọ́tò dúró gbọn-in. Ìdì pàǹkẹ́rẹ́ já bọ́, ó fọ́n káàkiri. Aránṣọ wo àárín orúnkún Alága àti imú mọ́tò.

"Ìka mẹ́rin," ni ó wí. "Ìka mẹ́rin péré."

Alága fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri ilé òdìkejì. "Ta ló ń ti ọmọlanke lu èèyàn láàárọ̀ kùtù?"

Bàbá ṣílẹ̀kùn, ó sáré bọ́ọ́lẹ̀. "Alága, ẹ forí jì mí! Èmi ni!" Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, àwọn méjèèjì ń ṣa pàǹkẹ́rẹ́ nídìí ògiri. Ewu ti kọjá, àbí?

Kò kọjá o. Jíà ṣì wà ní D. Kò sẹ́sẹ̀ lórí bíréèkì mọ́. Mọ́tò ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn wọn bí ológbò tó rí eku, kò sì sí ohùn tí yóò kìlọ̀ fún wọn.

"Ó ń bọ̀!" Aránṣọ fò mọ́ ìdí mọ́tò, ó fà á bí ẹni fa ìdí ṣòkòtò ọmọ. Mọ́tò ń wọ́ òun náà lọ.

Nọ́ọ̀sì yọ láti inú ilé. Ó ju báàgì, ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó gba ẹnu ìlẹ̀kùn tó ṣí ki ẹsẹ̀ bọnú, ó tẹ bíréèkì. Ó yí jíà sí P, ti ìdúró. Ó fa bíréèkì ọwọ́. Ó pa mọ́tò.

"Ó ku ìka méjì," ni aránṣọ wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bàbá yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Ọmọ mi, mo rò pé ó ti kú. Kò dún."

"Oníná kì í dún bíi lọ́rì, bàbá mi. Àwọn mìíràn ń kùn díẹ̀ bíi kòkòrò, ẹni tó ń kọjá sì lè má gbọ́. Iná kékeré yẹn ni kí ẹ máa wò. Bó bá ti tàn, mọ́tò ti jí."

"Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan ni mo ṣe kọjá," ni Alága wí. "Elétí-Ehoro, etí ló tan àwa méjèèjì. Ọ̀sà tí mo gbọ́ lọ́nà pé ẹ ò ní sá fún yẹn, ó ń gbé èèyàn lọ o!"

Bàbá wọ mọ́tò padà, ọmọ rẹ̀ sì kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló jókòó sẹ́yìn wọn? Alága ni!

"Inú rẹ̀ nìkan ni ọkàn mi balẹ̀ sí. Kò lè gbá ẹni tó gbé."

Ẹ̀yin awakọ̀, bí ẹ bá tilẹ̀ ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ yín kí ẹ tó wa oníná. Ẹ má fi etí mọ̀ bóyá ó wà láyè. Iná kékeré tó ń tàn níwájú yín ni kí ẹ wò. Ẹ má fẹsẹ̀ tẹ iná dán an wò láé, nítorí lójú ẹsẹ̀ ló ń fò. Kí ẹ tó bọ́ọ́lẹ̀, jíà sí P, bíréèkì ọwọ́, kí ẹ sì pa á. Òmíràn lè dá ara rẹ̀ dúró, ẹ má fi ẹ̀mí ẹnìkan ta tẹ́tẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń yọ ní géètì, ẹ rọra, ẹ wò, ẹ fọn fèrè díẹ̀: ọmọdé wà níta, àgbà wà níta, ẹni tí kò ríran wà níta.

Ní ti Elétí-Ehoro, kò tíì fi ìkíni sílẹ̀. Láràárọ̀, bó bá dé ẹnu géètì, á dúró, á sọ wíńdò kalẹ̀, á yọ orí síta, á wá fi ẹnu ara rẹ̀ ké: "Gbùúù! Gbùúù!"

Alága á dúró lápá kejì, á rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́ o, bàbá! Ẹ máa kọjá!"